Ọ̀dà Ilẹ̀ Agbabu, tàbí Ìdí tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ fi Pọ̀ ní Yunifásítì

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò rí ohun púpọ̀. Ọ̀nà kan ti Èkó wá, ọ̀nà kan ń lọ sí Bìní, ọ̀nà kan gòkè lọ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọ̀nà kan sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Okìtìpupa àti etí omi. Ọkọ̀ gẹdú ń kọjá, ọkọ̀ kòkó ń kọjá, ọkọ̀ elérò ń kọjá, àwọn tí ń ta ọjà sì ń sáré tẹ̀lé wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ elérò wọ̀nyí ni àwọn ọmọ wa máa ń wọ̀ lọ sí yunifásítì, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti àdúrà ìyá rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń lọ kọ́, ọ̀kan a wí pé òfin, ọ̀kan a wí pé ìṣègùn, ọ̀kan a wí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ojú wọn a sì máa dán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ kọ́ ìtàn, tàbí ìmọ̀ ilẹ̀, tàbí iṣẹ́ ọ̀gbìn, a dáhùn ní ohùn kékeré bí ẹni tí ó jẹ gbèsè.

Nítorí náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe máa ń bi olùkọ́ wọn pé: Nínú gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, èwo ni ó jẹ́ olórí? Bí ọ̀kan bá sì jẹ́ olórí, kí ni a fi àwọn ìyókù ṣe? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Bàbá tí ó ta kòkó láti fi rán ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé ń béèrè rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdáhùn. Mo rò pé a kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ìdáhùn náà, nítorí ó wà nínú ilẹ̀ agbègbè Odigbó níbi tí Ọ̀rẹ̀ gan-an wà.

Ìletò kan wà ní agbègbè yìí tí a ń pè ní Agbabu. Ní ibẹ̀ ni ohun dúdú kan wà nínú ilẹ̀, ó nípọn, ó sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè. Nígbà tí oòrùn bá mú, a máa rọ̀, a sì máa ṣàn. Ọ̀dà ilẹ̀ ni. Irú rẹ̀ ni a ń yọ́ pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ láti fi ṣe títì. Irú rẹ̀ náà ni ìwé Jẹ́nẹ́sísì wí pé àwọn tí ó kọ́ ilé ìṣọ́ Bábélì fi mọ bíríkì pọ̀. Ìgbànú ọ̀dà yìí gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó la Ìpínlẹ̀ Oǹdó já, ó sì dé Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní 1908 ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga ní ìhà yìí. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà sì dúró. Ilẹ̀ dákẹ́, ọ̀dà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: bí a bá fẹ́ kí ọ̀dà Agbabu yìí di títì ní ẹsẹ̀ wa, ta ni a ó ránṣẹ́ pè? A ó pe onímọ̀ ilẹ̀, kí ó sọ fún wa bí ó ti jìn tó àti bí ó ti nípọn tó. A ó pe ẹnjiníà, kí ó wá ọ̀nà tí a ó fi yọ ohun tí ó lẹ̀ bí àtè kúrò lára iyanrìn. A ó pe onímọ̀ kẹ́mísírì, kí ó wo ohun tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn. A ó pe ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, nítorí kòkó àti ọ̀pẹ ni ó wà lórí ilẹ̀ náà, a kò sì gbọdọ̀ pa igi tí ń so ní ọdọọdún nítorí ohun tí a ó wà lẹ́ẹ̀kan. A ó pe dókítà, kí omi mímu àwọn ará abúlé má bàa bàjẹ́. A ó pe agbẹjọ́rò, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ohun tí ó tọ́ sí i. A ó pe onímọ̀ ọrọ̀-ajé, kí ó ṣírò bóyá owó tí a ó ná kò ní ju owó tí a ó rí lọ. A ó pe onítàn àti onímọ̀ èdè, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n sì gbọ́ bí ilẹ̀ náà ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó pe olùkọ́, kí ó kọ́ àwọn tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀dà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ó lè gbé e jáde. Èyí ni ìdí tí yunifásítì fi ní ẹ̀ka púpọ̀: ìṣòro ayé kì í wá ní ojú kan.

Àwọn bàbá wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Alágbẹ̀dẹ kò ṣe iṣẹ́ onísègùn, ọdẹ kò ṣe iṣẹ́ onílù, olúkúlùkù sì ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kò lè ro oko láìsí ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ, ọdẹ tí ẹranko ṣe léṣe kò sì lè ṣe kí ó má lọ sí ilé onísègùn. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ìlú kan náà ni wọ́n sì ń ṣe é fún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní nǹkan bí 800 sí 900 ọdún sẹ́yìn. Ní Bologna, ní Ítálì, ẹ̀kọ́ òfin ni ó gbilẹ̀, nítorí àwọn ìlú àti àwọn oníṣòwò ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀tọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí ó lè là wọ́n. Ní Salerno, ìṣègùn ni. Ní Paris, ẹ̀ka mẹ́rin ni ó wà: ẹ̀ka ìpìlẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ gírámà, ọgbọ́n àròjinlẹ̀ àti ìṣirò, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ẹ̀ka òfin, àti ẹ̀ka ìṣègùn. Ẹ̀ka ìpìlẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ là kọjá, nítorí àwọn ará ìgbà náà gbà pé ẹni tí kò tí ì kọ́ bí a ti ń ronú kò yẹ ní ẹni tí a ó fi ẹ̀mí tàbí ohun ìní ènìyàn lé lọ́wọ́. Ní Tìmbúkútù pẹ̀lú, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kọ́ni ní òfin àti èdè Lárúbáwá, wọ́n sì kó ìwé jọ tí ó wà títí di òní.

Ní ti àwa, ìlú Sàró ni a ti kọ́kọ́ rí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1827 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS dá Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ìṣáájú. Olùkọ́ àti oníwàásù ni a ń fẹ́ nígbà náà, àwọn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà sì pèsè. Ní 1876 ó so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni ọmọ Áfíríkà sì ti lè gba oyè ẹ̀kọ́ láì kọjá òkun ńlá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan wà tí a bí ní 1908, ọdún náà gan-an tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga ọ̀dà. Orúkọ rẹ̀ ni Adékúnlé Ajásin. Nígbà tí ó fẹ́ gba oyè, Fourah Bay náà ni ó lọ ní 1943, lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ fi ọkàn ro ọ̀nà láti Ọ̀wọ̀ dé Freetown, kí ẹ sì mọ bí ẹ̀kọ́ ti wọ́n tó nígbà náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ti wà ní Yábàá ní Èkó ṣáájú ìgbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1932, a sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Ìṣègùn wà níbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde níbẹ̀ kì í gba oyè. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń dà, olùrànlọ́wọ́ dókítà àti olùrànlọ́wọ́ ẹnjiníà, lábẹ́ àwọn òyìnbó. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú Èkó sí èyí, wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé a gbin igi, a sì gé orí rẹ̀ kí ó má bàa ga. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún wa. Ẹ̀ka púpọ̀ nìkan kò sọ ilé-ẹ̀kọ́ di yunifásítì. A gbọ́dọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ kí ó lè dé òpin ohun tí ó ń kọ́, kí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò tí ì béèrè.

Ní 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, èyí tí a ń pè ní Ìgbìmọ̀ Elliot, láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní 1945, nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn díẹ̀ wí pé yunifásítì kan ṣoṣo ti tó gbogbo wa. Àwọn tí ó pọ̀ jù, tí àlùfáà náà wà lára wọn, wí pé ó yẹ kí ó tó mẹ́ta. Láti inú èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn ti jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, àwọn tí a kó láti Yábàá sì wà lára wọn. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fún wọn ní oyè. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ní: ìmọ̀ ìwé, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti ìṣègùn, iṣẹ́ ọ̀gbìn sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Ní 1957 ilé-ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní UCH ṣí, àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn sì rí ibi tí wọ́n ti lè fi ọwọ́ kan aláìsàn ní ilé. Ṣùgbọ́n òfin kò sí ní Ìbàdàn, ìmọ̀ ẹ̀rọ kò sì sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò ní láti la òkun kọjá, bí bàbá rẹ̀ bá lówó.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ìjọba yan ìgbìmọ̀ mìíràn ní 1959, Eric Ashby sì ni olórí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣànyà Ọnàbámirò. Ìgbìmọ̀ náà kò fẹ́ kí a dá yunifásítì mìíràn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nígbà tí Ìbàdàn ti wà níbẹ̀. Ọnàbámirò kọ̀, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ṣe bí ó ti wí: a fi òfin dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú ẹ̀ka márùn-ún: iṣẹ́ ọ̀gbìn, ìmọ̀ ìwé, ọrọ̀-ajé àti ìmọ̀ àwùjọ, òfin, àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣègùn, òfin àti ìmọ̀ òwò, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ìlú tí ọjà àti ilé-ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀. Nsukka ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wọn ní 1960. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí kò sí ní Ìbàdàn ni àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ nawọ́ mú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti dá yunifásítì rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n wí nǹkan nípa ohun tí ó máa ń da àwọn òbí láàmú jù. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí ń kọ́ni ní iṣẹ́: ìṣègùn, òfin, ẹ̀rọ, ọ̀gbìn, iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn kan sì wà tí ń wá ìmọ̀ láì tí ì mọ ohun tí a ó fi ṣe: ìtàn, èdè, ìṣirò, ìmọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí. Àwọn òbí mọ ìwúlò ti ìṣáájú. Ti ìkejì ni ó ṣòro fún wọn. Ẹ wo Ọnàbámirò yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó di òṣèlú ni pé ó ń wo àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń gbé inú omi. Ẹni tí ó bá rí i ní etí odò lè wí pé, Kí ni ọ̀mọ̀wé yìí ń wá nínú omi ìdọ̀tí? Sòbìà ni ó ń wá. Nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ọmọ sòbìà ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá mu omi náà gbé e mì, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà aràn gígùn a sì yọ jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Àgbẹ̀ kò ní lè dé oko ní àkókò iṣẹ́, ọmọ kò sì ní lè dé ilé-ìwé.

Kò sí oògùn tí ó ń wo sòbìà. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé, yóò wà pẹ̀lú wa títí di òní. Ní 1988 a ka àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà, wọ́n ju 650,000 lọ. Ohun tí ó lé e lọ ni ìmọ̀ àwọn púpọ̀ tí ó pàdé. Onímọ̀ ẹ̀dá ti fi ibi tí ó ń gbé hàn. Dókítà kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń tọ́jú ojú egbò, àti pé ẹni tí sòbìà ń yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ odò. Ẹnjiníà gbẹ́ kànga. Onímọ̀ kẹ́mísírì pèsè ohun tí ń pa kòkòrò inú adágún. Àwọn kan ka ènìyàn láti abúlé dé abúlé, kí a lè mọ ibi tí àrùn náà kù sí. Àwọn olùkọ́ àti àwọn olùyọ̀ǹda-ara sì lọ láti ilé dé ilé, ní èdè tí àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n ń wí pé: Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi yín kí ẹ tó mu ún. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní i ní Nàìjíríà; ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ìjà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ púpọ̀ jùmọ̀ jà ni èyí, a sì ṣẹ́gun.

Onítàn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kenneth Dike, tí ó kọ́ni ní ìtàn ní Ìbàdàn tí ó sì di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1960, rí i pé ìwé ìjọba ń jẹrà nínú àwọn yàrá káàkiri ilẹ̀ yìí. Ó rìn, ó wò wọ́n, ó sì gba ìjọba níyànjú. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ti jáde ní 1954. Ní ọjọ́ òní, bí ìlú méjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, agbẹjọ́rò wọn a máa lọ wá ẹ̀rí ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ní oṣù Ògúsì 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀nà yìí kan náà ni ogun gbà dé Ọ̀rẹ̀. Ẹnjiníà lè la ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ ohun tí yóò gbà á kọjá, bóyá kòkó ni tàbí ìbọn. Àwọn tí ń kọ́ ìtàn, òfin àti ìwà ènìyàn ni ó ní láti bá wa ronú bí a ó ti máa gbé pọ̀ kí ìbọn má tún gba ibẹ̀ mọ́.

Kí a padà sí ilé. Ní àkókò yìí, ọmọ Ọ̀rẹ̀ kò ní láti lọ sí Freetown mọ́. Ní 1981 ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń kọ́ ọ̀gbìn, ìmọ̀ igbó, ẹ̀rọ, àti ìmọ̀ ilẹ̀ àti ohun tí a ń wà nínú rẹ̀. Adékúnlé Ajásin tí ó lọ sí Sàró di gómìnà ní 1979, ìjọba rẹ̀ sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982. Nígbà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ ní 1996, Oǹdó ní láti ní tirẹ̀. Ní 1999 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Àkùngbá, ibẹ̀ ni a sì fi orúkọ Ajásin pè lẹ́yìn náà. Ní Oǹdó, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Adéyẹmí pè ti di yunifásítì, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015. Ní Okìtìpupa, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, òfin 2008 dá yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù ni ó sì ń jẹ́ nísinsin yìí.

Ta ni Àgágù yìí? A bí i ní Ìjù-Òdo lẹ́bàá Okìtìpupa ní 1948, ọdún tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni ó kọ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa ń fi ohùn kékeré dárúkọ. Ó sì kọ́ni níbẹ̀. Ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2003, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2009. Ohun tí ó yẹ kí a ronú lé ni èyí. Kí ó tó gorí oyè, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti wá sí ìgbànú ọ̀dà náà ní àwọn ọdún 1970 títí di 1980; wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n sì wọn ibi tí ọ̀dà wà. A pín ilẹ̀ náà sí abala, a sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, onímọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ di olórí ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀dà náà ṣì wà nínú ilẹ̀, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a sì fi ra ọ̀dà títì láti òkè òkun, tí ojú ọ̀nà láti Ọ̀rẹ̀ sí Bìní sì di kòtò. Ta ni ó ń gbé etí odò tí ó ń fi itọ́ bọ́jú? Bí ìmọ̀ ilẹ̀ nìkan bá tó, ọ̀dà ìbá ti jáde. Ó kù owó, ó kù ẹ̀rọ, ó kù òfin tí ó dúró ṣinṣin, ó kù àdéhùn tí ará abúlé lè gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn wọ̀nyí kò sì tí ì pàdé ní ọjọ́ kan.

Irú rẹ̀ wà nínú igbó wa pẹ̀lú. Nínú igbó ọba Olúwa tí ó wà ní ìtòsí Ọ̀rẹ̀, a gbin igi gmelina lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ilé-iṣẹ́ ìwé ní Ìwòpin lè rí igi lò. Àwọn onímọ̀ igbó ṣe iṣẹ́ wọn, igi sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò dé ibi tí a fọkàn sí, ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ ẹ̀kọ́ sí sì ń ti òkè òkun wá. Igi ṣe tirẹ̀. Àwọn ọwọ́ tí ó yẹ kí ó gbà á ni kò dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá bi mí pé ẹ̀ka wo ni ó jẹ́ olórí, n ó bi yín padà pé: Ìṣòro wo ni ó wà ní ilé yín? Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń sọkún nítorí pé èso kòkó rẹ̀ ń di dúdú lórí igi kí ó tó gbó, kí ó má tijú láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹni tí ó ti rí ọkọ̀ tí ó dojú dé ní ọ̀nà márosẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ó ro ìṣègùn. Ẹni tí ó ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń jà sórí ilẹ̀ tí olúkúlùkù sì ń pa ìtàn tirẹ̀, kí ó kọ́ òfin tàbí ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wù kí ó jẹ́, nígbà tí ó bá dé yunifásítì, kí ó mọ ọ̀nà ilé àwọn tí ń kọ́ ohun mìíràn. Kí ẹnjiníà bá àgbẹ̀ jẹun. Kí agbẹjọ́rò bi onímọ̀ ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí: ẹ má fi ẹ̀kọ́ kan ṣe ẹrú èkejì ní ojú àwọn ọmọ, ẹ má sì fi ọmọ tí ó fẹ́ràn ìtàn ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé àbúrò rẹ̀ mọ ìṣirò.

Àwọn ará Bábélì ní bíríkì, wọ́n ní ọ̀dà ilẹ̀, wọ́n sì ní agbára púpọ̀. Ọ̀dà kọ́ ni wọ́n ṣe aláìní. Ọjọ́ tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́ ni iṣẹ́ dúró. Àwa náà ní ọ̀dà ní Agbabu, a sì ní yunifásítì ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríta wa. Kí àwọn ọmọ tí ń wọ ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ́ láti gbọ́ èdè ara wọn, a ó sì rí ọjọ́ tí títì tí ó kọjá ní iwájú ilé wa yóò jẹ́ ti inú ilẹ̀ wa.